Àrokò Àwẹ̀ró Tí Wọ́n Kà Sódì

Ẹ sún mọ́ mi. Ìwọ tí ò ń jẹ ẹ̀pà níbẹ̀ yẹn, bí èèpo rẹ bá tún ta sí mi lára, màá dákẹ́, kí ẹ lọ wá ẹlòmíràn tí yóò máa parọ́ fún yín. Èmi kì í parọ́. Àwọn ọdẹ yòókù nílùú yìí ló ń parọ́: wọ́n á ní àwọn pa ẹfọ̀n, bí ẹ bá débẹ̀, òkété lẹ ó bá. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, bàbá mi ló ṣẹlẹ̀ sí, Ọdẹ́rìndé ọdẹ Ìdí-Ọ̀gánwó, ẹni tí ẹkùn ń rí lọ́ọ̀ọ́kán tó ń ṣe bí ẹni pé ewé lòun ń já. Orúkọ rẹ̀ ni n ó máa pè, ẹ má ní mo ya aláìlẹ́kọ̀ọ́. Bí mo bá ń pè é ní bàbá mi, ẹkún lè gbọ̀nà ọ̀fun mi yọ, àgbà kì í sì í sunkún níwájú àwọn tó ń jẹ ẹ̀pà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ọmọ ọmú ni mí. Bí ẹ bá gbọ́ pé ọmọ kan ń ké nínú ìtàn yìí, èmi Àlàmú ni.

Ní ìlú wa, ọparun kan wà ní gbòǹgbò igi ọ̀gánwó, ó wọlẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó parí sí. Àwọn tó tẹ ìlú dó ló bá àwọn ará inú igbó mulẹ̀ níbẹ̀. Bí a bá fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ wọn, a kì í pariwo, àrokò là ń rán. A ó mú okùn, a ó so ohun tí a ń fẹ́ síwájú, a ó so àmì ẹni tó ń béèrè sẹ́yìn, a ó tì í sínú ọparun. Ohun tí a ń fẹ́ níwájú, ẹni tó ń fẹ́ ẹ lẹ́yìn: bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é.

Ọ̀dá wá dá lọ́dún kan. Kànga gbẹ, ewúrẹ́ ń lá ògiri, ọmú ìyá mi náà fẹ́ máa gbẹ. Àwẹ̀ró ni ìyá mi ń jẹ́. Ó mú àpáàdì ìkòkò omi, ó so ó síwájú okùn. Ó mú òòyà rẹ̀ tí irun rẹ̀ ṣì há sí lẹ́nu, ó so ó sẹ́yìn. Omi ni wọ́n ń fẹ́, Àwẹ̀ró ló ń fẹ́ ẹ. Ọmọdé pàápàá lè ka ìyẹn. Ó tì í sínú ọparun, ó sì padà sílé lọ wo kànga.

Omi wá lóòótọ́. Àwọn obìnrin tó wà nítòsí gbọ́ bó ṣe ń hó bọ̀ nísàlẹ̀. Àwẹ̀ró tẹ̀ sẹ́nu kànga, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n bá òun gbé korobá wá. Omi náà yọ sókè bí apá ènìyàn, ó gbá a lọ́rùn mú, ó fà á wọlé, ó sì padà síbi tó ti wá. Nígbà tí wọ́n fi máa sáré débẹ̀, kànga ti gbẹ táútáú. Erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ kò tilẹ̀ tutù.

Ọdẹ́rìndé ti oko ọdẹ dé, ó bá ẹkún nílé. Wọ́n gbé ọmọ fún obìnrin mìíràn, ọmọ kọ ọmú rẹ̀. Wọ́n fún un ní wàrà ewúrẹ́, ó pọ̀ ọ́ dànù. Orí kunkun mi ò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ìyá Ọdẹ́rìndé gbé ọmọ náà lé itan bó ṣe ń ké, ó wo ọmọkùnrin rẹ̀ lójú.

"Ọdẹ́rìndé, bí ìyá ọmọ yìí ò bá tètè dé, ọmọ yìí ń lọ."

Ọdẹ́rìndé gbé apó rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó gba ìdí ọ̀gánwó lọ, ó bá àpáàdì lẹ́nu ọparun, wọ́n ti tì í padà síta, ó tutù rinrin. Òòyà ò sí níbẹ̀. Wọ́n dá ohun tí obìnrin náà béèrè padà, wọ́n sì mú obìnrin náà lọ. Irú ọjà wo nìyẹn?

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé bàbá mi kì í ṣe ọdẹ tí ẹ ń rí kiri yìí. Gbẹ́rẹ́ kan wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ògiri kankan dí i lọ́nà. Àmọ́ ara tó gba gbẹ́rẹ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́ fún, kò lè fi fa ẹlòmíràn kọjá. Ó wá ihò ẹ̀gbẹ́ ọparun náà, ó fàyà fà wọ inú ilẹ̀ bí ẹni ń lé òkété, ó ń fà, ó ń fà, títí ó fi yọrí sí Igbó Àìríra.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ilé ló pọ̀ nínú igbó náà ju igi lọ, ilé tí kò nílẹ̀kùn, tí kò ní fèrèsé. Ẹbọra kọ̀ọ̀kan ló wà nínú tirẹ̀. Èyí ò rí tọ̀hún rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé. Ọparun ni wọ́n nà láti ilé dé ilé, ó gba òkè kọjá bí okùn ìsáṣọ, àrokò ń sáré nínú wọn, ṣá-ṣá-ṣá. Kò sí ẹyẹ. Ẹkún nìkan lò ń gbọ́, ó ń jáde látinú ilé, ẹkún àwọn tó béèrè ohun kan tí wọ́n fún ní òmíràn.

Láàárín igbó náà ni gbogbo ọparun ti pàdé lórí itan ẹbọra kan tó ń jẹ́ Agbọ́máwò. Kò lójú. Etí ló kún ara rẹ̀ láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Àrokò á ti inú ọparun kan bọ́ sí i lọ́wọ́, á tì í sínú òmíràn, á sì ké tẹ̀lé e: "Àdéhùn Kejì!" Omìíràn á tún bọ́ sí i lọ́wọ́: "Àdéhùn Kejì!"

Ó gbọ́ èémí Ọdẹ́rìndé. "Ta ló ń mí síbí?"

"Èmi Ọdẹ́rìndé ọdẹ ni."

"Mi ò bi ọ́ lórúkọ. Àdéhùn wo lo mú wá?"

Ọdẹ́rìndé ní òun ò mú àdéhùn kankan wá. Gbogbo etí ara ẹbọra náà bá ká mọ́ ọn, wọ́n fún un bí ẹni fún aṣọ tútù, egungun rẹ̀ ń dún. Agbọ́máwò ní, "Ẹni tí kò bá ládéhùn, ẹran ni. Bí o bá já àlọ́ mi, n ó jù ọ́ sílẹ̀. Ó kúrò nílé ẹni tó bí i, ó dé ilé ẹni tó gbà á. Bí wọ́n bá ṣì í mọ̀ níbẹ̀, kò lè lanu sọ pé èmi kọ́ nìyí. Kí ni?"

Ẹ̀mí ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu Ọdẹ́rìndé, ojú rẹ̀ ò kúrò lára òòyà ìyàwó rẹ̀ tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Agbọ́máwò. Ó ní, "Àrokò ni."

Àwọn etí náà tú. Ó ṣubú, ó dìde, ó sì bínú dìde. "Ìyàwó mi dà?"

"Obìnrin òòyà? Omi ló béèrè rẹ̀, mo sì jẹ́ kí Omi mú un."

"Irọ́ lò ń pa! Àwẹ̀ró ló béèrè omi!"

"Ọdẹ, má pariwo mọ́ mi, etí ni gbogbo ara mi. Àpáàdì ló wà níwájú, òòyà ló wà lẹ́yìn. Nínú Àdéhùn Kejì, ẹni tó ń béèrè ló ń ṣíwájú, ohun tó ń fẹ́ ló ń tẹ̀lé e. Omi ló ń béèrè, obìnrin ló ń fẹ́."

"Nílé tiwa, ohun tí a ń fẹ́ ló ń ṣíwájú!"

"Àdéhùn Àkọ́kọ́ nìyẹn. Ohun àtijọ́ ni. Àwọn kan ṣì ń lò ó, àwọn kan ti kúrò níbẹ̀."

"Kí ló dé tí o fi ti àwọn kan ka tàwọn tó kù?"

Agbọ́máwò gbọnra, gbogbo etí rẹ̀ mì. "Èyí tí mo bá gbọ́ kẹ́yìn ló ń wà lẹ́nu mi. Ẹnu mélòó ni mo ní?"

Ẹ gbọ́ mi ná. Ọparun tó ju irun orí lọ, ẹnu kan ṣoṣo ló fi ń dáhùn fún gbogbo wọn! Ohun tí Táyé sọ ló fi ń dá Kẹ́hìndé lóhùn. Ọdẹ́rìndé fẹ́ yọ àdá sí i, ó rò ó pé bí òun bá pa á, ta ni yóò fi ọ̀nà ilé Omi han òun. Ó tẹ̀lé ẹkún kan tó sún mọ́ ọn, ó gba ara ògiri wọlé.

Ẹbọra tó bá nílé yẹn ga dé àjà, Gbàǹgbà lorúkọ rẹ̀. Aṣọ funfun kún ilé náà bámúbámú, tuntun lórí èyí tó ti pọ́n, ẹbọra náà sì jókòó sáàárín wọn. Ó wo Ọdẹ́rìndé.

"Ìwọ tó wọlé láìgba ọparun, ṣé ìwọ lọmọ mi?"

"Èmi kọ́, bàbá."

"Ọmọ mi lọ ṣeré nílé Kọ̀rọ̀. Mo so aṣọ funfun síwájú okùn, àmì tèmi nìyẹn. Mo so ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ mi sẹ́yìn. Èmi Gbàǹgbà ni mò ń béèrè, ọmọ mi ni mò ń fẹ́. Aṣọ funfun ni Kọ̀rọ̀ fi ránṣẹ́. Mo tún béèrè, aṣọ funfun. Kí ni mo ṣe fún un?"

Ọ̀rọ̀ òòyà ìyàwó rẹ̀ wá sí Ọdẹ́rìndé lọ́kàn. Ó sáré gba ògiri kọjá sílé Kọ̀rọ̀. Ẹbọra kúkúrú kan ló bá níbẹ̀, ó kúnlẹ̀ ti ẹní. Ọmọ kan wà lórí ẹní náà, wọ́n ti fi aṣọ funfun dì í láti ẹsẹ̀ dé ọrùn bí òkú. Ojú ọmọ náà là. Ojú náà ń tẹ̀lé Ọdẹ́rìndé bó ṣe ń rìn.

Kọ̀rọ̀ ń sunkún. "Bàbá rẹ̀ ló ń ránṣẹ́. Aṣọ funfun níwájú, ọmọ lẹ́yìn. Aṣọ funfun ló ń fẹ́, fún ọmọ. Mo ń fi aṣọ ránṣẹ́ sí i bóyá inú rẹ̀ á rọ̀, kò yé béèrè. Ojú nìkan ló kù tí mi ò tíì bò. Ọwọ́ mi kọ̀ ọ́, àmọ́ ta ni èmi láti ba ọ̀rọ̀ bàbá lórí ọmọ rẹ̀ jẹ́?" Ó sì fa aṣọ sókè.

Ọdẹ́rìndé gbá a lọ́wọ́ mú. "Dúró! Àdéhùn wo lo mọ̀?"

"Àkọ́kọ́ nìkan ni mo mọ̀."

"Kejì ni bàbá ọmọ fi ń bá ọ sọ̀rọ̀! Ọmọ rẹ̀ ló ń fẹ́!"

Kọ̀rọ̀ ké, ó ń ya aṣọ náà pẹ̀lú eyín. Ọdẹ́rìndé fẹnu sí ọparun, ó pe Gbàǹgbà. Ó ní kí wọ́n tó so ohunkóhun mọ́ okùn láéláé, kí wọ́n kọ́kọ́ bi ara wọn: títí dé èwo lo mọ̀? Ẹni tó mọ púpọ̀ ni kó tẹ̀ bá ẹni tó mọ díẹ̀, nítorí ẹni tó wà nílẹ̀ kò lè nà mọ́ ẹni tó wà lókè. Gbàǹgbà mọ méjèèjì, ó tẹ̀ bá Kọ̀rọ̀ sí Àkọ́kọ́. Ọdẹ́rìndé fi ìko ta kókó kan sẹ́nu ọparun náà, kí ẹnikẹ́ni má tún gbàgbé. Gbàǹgbà so ìlẹ̀kẹ̀ síwájú, ó so aṣọ sẹ́yìn, ọmọ sì wọ inú ọparun lọ. Ọdẹ́rìndé gbọ́ tí Gbàǹgbà ké igbe ayọ̀. Igbe náà sì já lójijì. Kò dúró wádìí, ọmọ tirẹ̀ ń ké nílé.

Ó padà sọ́dọ̀ Agbọ́máwò, ó ń ti orí ọparun kan bọ́ sórí òmíràn, ó ń béèrè lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan: títí dé èwo lẹ mọ̀? Èyí tó bá ní Àkọ́kọ́, ó ta kókó kan sí i. Èyí tó bá ní Kejì, kókó méjì. Agbọ́máwò ń bú u, ó ní ó ń fi ìko so ilé òun mọ́lẹ̀. Ọdẹ́rìndé ní, "Tọ́ kókó wò kó o tó lanu. Ẹnu kan ni o ní, ọwọ́ rẹ ò ṣá gé." Nígbà tó yá, ẹkún bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ nínú àwọn ilé náà. Ẹbọra tí kò gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ rí láyé rẹ̀ ká gbogbo etí rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò bú u mọ́.

Ọparun ilé Omi dáhùn pé, "Kẹta." Ọdẹ́rìndé ò tilẹ̀ mọ̀ pé Kẹta wà. Ó ta kókó mẹ́ta sí i. Ó wá kan ọparun tó lọ sílé, sí ìdí ọ̀gánwó wa. Ó béèrè. Ohùn tó dá a lóhùn, ohùn bàbá rẹ̀ ni, tí wọ́n ti sin kí ó tó fẹ́ Àwẹ̀ró. Ó ní, "Àkọ́kọ́ ni o, ọmọ mi." Ọdẹ́rìndé ta kókó kan ṣoṣo náà.

Ó gba ògiri wọ ilé Omi. Omi mù ún dé ìbàdí. Àwẹ̀ró jókòó sórí òkúta láàárín, irun rẹ̀ tú sílẹ̀, ìró rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ọmú rẹ̀ ń kán sínú omi, funfun, tó, tó, tó.

"Bàbá Àlàmú," ni ó kọ́kọ́ sọ, "ṣé ọmọ mi ti jẹun?"

"Kò jẹun. Kò gba ti ẹnikẹ́ni."

Ó bú sẹ́kún. Ohùn Omi jáde láti igun gbogbo. "Ọdẹ, má wò mí bẹ́ẹ̀. Mi ò béèrè rẹ̀. Wọ́n ní mo béèrè rẹ̀ ni, mo sì lọ mú un. Láti ìgbà tó ti dé ni mo ti ń wá ohun tí mo fẹ́ fi í ṣe."

"Dá a padà gba inú kànga."

"Odò kì í ṣàn padà sókè. Ọparun ló kù."

Inú Ọdẹ́rìndé dùn. Ó ní òun ti ta kókó sí ọparun ilé, Àkọ́kọ́ ni, wọn ò ní ṣì í kà mọ́. Omi wá bi í léèrè.

"Ṣé o mọ ohun tí Kẹta fi ju Àkọ́kọ́ lọ? Ààyè mẹ́ta ló wà lórí okùn rẹ̀. Ẹni tó ń béèrè, ohun tó ń fẹ́, àti ohun tí kò gbọdọ̀ já bọ́ lọ́nà. Ibẹ̀ ni ìrántí ènìyàn ń gbé. Àkọ́kọ́ ò ní ààyè fún un, ohun tí kò bá sì ní ààyè, jíjábọ́ ló ń já bọ́. Ìwọ náà gbọ́ bí igbe Gbàǹgbà ṣe dúró. Ọmọ dé, ọmọ ò mọ bàbá."

"N ó lọ kọ́ àwọn ará ilé ní Kẹta!"

"Ta ni o fẹ́ kọ́? Àwọn tó ń dáhùn ní ìdí ọ̀gánwó yín kì í ṣe alààyè, ìwọ náà gbọ́ ohùn wọn. Àkọ́kọ́ ni wọ́n mọ̀ tí wọ́n fi kú. Òkú kì í kọ́ ẹ̀kọ́ tuntun."

"Kí n gbé e lọ ná, kí n padà wá béèrè ìrántí rẹ̀ lọ́tọ̀ ńkọ́?"

"Ìrántí ò lẹ́sẹ̀. Bí kò bá ti sí nínú ènìyàn, ó ti parí nìyẹn."

Ọdẹ́rìndé jókòó sínú omi. Ó rò ó pé òun lè dúró ti ìyàwó òun níbẹ̀ títí ayé, Omi ò ní lé wọn. Ó rántí bí ọmọ ṣe ń pọ wàrà dànù. Àwẹ̀ró ló sọ̀rọ̀.

"Bàbá Àlàmú, ẹ so okùn."

"O ò ní mọ̀ mí mọ́, Àwẹ̀ró."

"Ọmú á mọ ọmọ. Ẹran ara nìyẹn, kò sí lára ohun tó ń já bọ́."

"Èmi ńkọ́?"

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. "Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ mu ọmú ni?" Ó wá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ gbọ́. Bí mo bá délé, ẹ má sọ fún mi pé ọkọ mi ni yín. Wọ́n ti fi mí fún ẹni tí kò béèrè mi lẹ́ẹ̀kan, mi ò fẹ́ kí wọ́n tún fi mí fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí ojú mi fúnra rẹ̀ rí yín. Mo ṣáà ti fẹ́ yín rí."

Ọdẹ́rìndé so òòyà tó mú lọ́dọ̀ Agbọ́máwò síwájú okùn. Ó gé awọ apó rẹ̀, àmì tirẹ̀ nìyẹn, ó so ó sẹ́yìn. Àwẹ̀ró wọ inú ọparun, ó ṣì ń pe Bàbá Àlàmú bó ṣe ń lọ.

Ọdẹ́rìndé ń sáré lábẹ́ ọparun náà padà sílé, ó sì ń gbọ́ àwọn nǹkan tó ń já bọ́. Orin tí wọ́n kọ nígbà tí wọ́n ń sin ín wálé ọkọ já bọ́ sórí ewé. Ẹ̀rín tó máa ń rín bí ó bá ń fi ìbọn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ já bọ́. Ó na ọwọ́ méjèèjì, kò rí nǹkan kan gbá mú. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ọ̀gánwó, ó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ ní ohùn ìyàwó rẹ̀, Ọdẹ́rìndé, orúkọ tí obìnrin kì í la ẹnu pe ọkọ rẹ̀ àfi nínú ọkàn. Ó já bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì parẹ́.

Àwẹ̀ró ti ṣíwájú rẹ̀ délé. Ó ti gbé ọmọ, ọmọ ti gbá ọmú mú, ó ń fà á bí ẹni pé wọn yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Ọdẹ́rìndé ń jó, ó ń sunkún, ó tún ń jó. Àwẹ̀ró gbójú sókè, ó rí ọkùnrin kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, erùpẹ̀ bò ó. Ó fi ọmọ mọ́ àyà, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o, bàbá ọdẹ. Wọ́n ní ọmọ mi nìyí. Ara mi sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ mọ bàbá rẹ̀?"

Ìyá àgbà lanu. Ọdẹ́rìndé ṣẹ́wọ́ sí i kó pa á dé.

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Níbo ló wà?"

"Ó wà nítòsí."

Inú ìyá mi dùn. Ó gbé mi lé èjìká, ó gba ẹ̀gbẹ́ bàbá mi kọjá síta, ó ń wo ojú ọ̀nà bóyá ó ń bọ̀.

Ó tó. Ẹ gbé àpótí yín, ẹ máa lọ sílé.